Ìlú tí Stíìlì Kọ́: Ohun tí Pittsburgh Jèrè àti Ohun tí Ó San

Afárá, ojú irin reluwé, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọ̀pá epo, abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti irin tí ó wà nínú òpó ilé alájà púpọ̀, stíìlì ni a fi ṣe gbogbo wọn, débi pé kò sí ìlú ńlá kan lóde òní tí ó lè dúró bí a bá yọ stíìlì kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tí ń lò ó wà káàkiri ayé, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé níbi tí wọ́n ti ń ṣe é kò pọ̀ rárá, àwọn yìí ni ó sì mọ ohun tí ṣíṣe rẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ilẹ̀, lọ́wọ́ omi, lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ àti lára ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lóye bí iṣẹ́ stíìlì ṣe ń sọ ìlú di ńlá, tí ó sì ń yí àyíká ìlú náà padà, kò ní ṣàì yẹ ìtàn Pittsburgh wò, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nítorí pé gbogbo ìpele ìtàn náà ni ó hàn níbẹ̀: bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe gbèrú, bí èéfín ṣe bo ìlú mọ́lẹ̀, bí òfin ṣe lé èéfín náà, àti bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe wó lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ohun tí ìtàn yìí fi kọ́ni ni pé èéfín àti omi ìdọ̀tí kì í ṣe kádàrá ìlú tí ó ní ilé iṣẹ́ ńláńlá; ìpinnu tí àwọn ènìyàn kan ṣe ni, àwọn ènìyàn mìíràn sì lè yí i padà láìjẹ́ pé iṣẹ́ parun.

Bí òkúta ṣe ń di stíìlì

Irin kì í sábà dá wà nínú ilẹ̀. Inú òkúta ni ó máa ń wà, níbi tí ó ti so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, èyí tí í ṣe apá kan nínú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí sínú, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó sì wà níwájú ẹni tí yóò ṣe irin ni kí ó já àwọn méjèèjì kúrò lára ara wọn. Inú ìléru gíga kan, tí ó lè ga tó ilé alájà mẹ́wàá, ni wọ́n ti ń ṣe èyí. Wọ́n á da òkúta irin, òkúta ẹfun àti kóòkì sí i láti òkè, wọ́n á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i láti ìsàlẹ̀. Kóòkì ni èédú ilẹ̀ tí wọ́n ti sun nínú ààrò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, títí gáàsì, omi àti ọ̀dà inú rẹ̀ fi jáde, tí ohun tí ó kù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì kábọ̀nù, ìyẹn ohun tí ó mú kí èédú lè jó. Bí kóòkì ṣe ń jó nínú ìléru ni gáàsì tí ó ń ti ara rẹ̀ jáde ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ òkúta irin, tí irin yíyọ́ sì ń sun sí ìsàlẹ̀, nígbà tí òkúta ẹfun ń kó ìdọ̀tí inú òkúta mọ́ra, tí ó sì ń léfòó sórí irin náà gẹ́gẹ́ bí ìdàrọ́.

Irin tí ó ti inú ìléru yìí jáde máa ń ní kábọ̀nù tí ó tó nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí sì ni ó fà á tí ó fi máa ń tètè fọ́ bí a bá lù ú. Stíìlì ni irin tí kábọ̀nù inú rẹ̀ ti dín kù gan-an, tí kì í tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a lè nà, tí a lè tẹ̀, tí kì í sì í fọ́ nígbà tí ẹrù wíwúwo bá gùn ún. Kí ó tó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ tí ó lọ́ra tí ó sì wọ́n ni ṣíṣe stíìlì, ṣùgbọ́n ní ọdún 1856, Henry Bessemer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tuntun kan. Bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi ẹwìrì fẹ́ iná, bẹ́ẹ̀ ni Bessemer ṣe fẹ́ afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n àárín irin yíyọ́ gan-an ni ó fẹ́ tirẹ̀ gbà, tí kábọ̀nù inú irin náà fi jóná, tí iná yẹn sì mú kí irin túbọ̀ máa gbóná láìlo èédú mìíràn. Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù irin á di stíìlì, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ débi pé àwọn ilé iṣẹ́ reluwé lè fi tẹ́ ojú irin láti ìlú dé ìlú.

Kò sí ìpele kan nínú iṣẹ́ yìí tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ fún àyíká. Ààrò kóòkì ń tú gáàsì, ọ̀dà, imí ọjọ́ àti bẹ́ńsíìnì sí afẹ́fẹ́, bẹ́ńsíìnì yìí sì wà lára àwọn ohun tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ìléru ń tú eruku àti èéfín jáde, ìdàrọ́ ń di òkìtì, omi tí wọ́n fi ń tu ẹ̀rọ lára sì ń padà sínú odò pẹ̀lú ooru àti májèlé. Ní ti gáàsì kábọ̀nù dàyọ́ksáìdì, tí ó ń mú kí ayé máa gbóná sí i, tọ́ọ̀nù stíìlì kan tí a bá ti inú òkúta irin ṣe lọ́nà yìí ń tú nǹkan bí tọ́ọ̀nù méjì rẹ̀ sí ojú sánmà. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó dojú kọ ìlú tí ń ṣe stíìlì ni ibi tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí yóò gbà lọ, àti ẹni tí yóò san owó ìpalẹ̀mọ́ wọn.

Odò mẹ́ta àti èédú abẹ́ òkè

Ibi tí odò Allegheny àti odò Monongahela ti pàdé, tí wọ́n sì di odò Ohio, ni Pittsburgh wà. Àwọn odò wọ̀nyí ni ó ń gbé ẹrù lọ sí ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù Amẹ́ríkà kí reluwé tó dé, àwọn náà ni wọ́n sì ń pọn fún ẹ̀rọ nígbà tí ilé iṣẹ́ irin bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ àwọn òkè tí ó yí ìlú náà ká kún fún èédú ilẹ̀, èyí tí wọ́n sì ń wà ní agbègbè Connellsville, ní gúúsù ìlú náà, dára fún kóòkì ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Òkúta irin ni kò pọ̀ nítòsí, ṣùgbọ́n nígbà náà, èédú tí iṣẹ́ náà ń gbà wúwo ju òkúta irin lọ, ó sì rọrùn láti gbé òkúta irin wá bá èédú ju kí a gbé èédú lọ bá òkúta irin. Láti àgbègbè adágún Superior, pàápàá láti Minnesota, ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó òkúta irin gba orí àwọn adágún ńlá wá sí èbúté adágún Erie, tí reluwé á sì kó o parí dé Pittsburgh.

Andrew Carnegie ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ìdàgbàsókè yìí jùlọ. Ìlú Dunfermline ní Skọ́tíláǹdì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1835, ìdílé rẹ̀ tí ó jẹ́ ìdílé ahunṣọ sì ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní 1848 nígbà tí ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ. Ní 1875, ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Edgar Thomson bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Braddock, lẹ́bàá odò Monongahela, níbi tí ó ti ń lo ọ̀nà Bessemer láti ṣe irin reluwé. Ní 1883 ó ra ilé iṣẹ́ Homestead. Nígbà tí ó sì fi máa di 1901, ó ta gbogbo rẹ̀ fún àwọn tí J. P. Morgan kó jọ ní owó tí ó tó mílíọ̀nù 480 dọ́là. Ilé iṣẹ́ tí ó ti inú ọjà yìí jáde, U.S. Steel, ni ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ayé tí owó ìdókòwò rẹ̀ kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là.

Iye ènìyàn ìlú náà ga bí iye stíìlì ṣe ń ga. Ní 1870, ènìyàn 86,076 ni ó ń gbé ní Pittsburgh. Ní 1900, wọ́n ti di 321,616. Lẹ́yìn tí wọ́n so ìlú Allegheny mọ́ ọn ní 1907, iye náà kọjá 530,000 ní 1910, ó sì dé òkè téńté ní 1950 nígbà tí ó jẹ́ 676,806. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ireland àti Jámánì ni àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ni àwọn ará Slofákíà, Pólàǹdì, Húngárì, Kroéṣíà àti Ítálì wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní sì dí ọ̀nà Yúróòpù, àwọn aláwọ̀ dúdú láti gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń sá fún òṣì àti ìwà ìkà ibẹ̀, ṣí wá sí àwọn ìlú irin náà. Iṣẹ́ tí ó gbóná jùlọ tí ó sì dọ̀tí jùlọ, bí iṣẹ́ ìdí ààrò kóòkì, ni wọ́n sábà máa ń fún wọn, ó sì di ọdún 1974 kí àdéhùn kan níwájú ilé ẹjọ́ tó fi dandan lé e pé kí àwọn ilé iṣẹ́ stíìlì ńláńlá mẹ́sàn-án ṣí ọ̀nà iṣẹ́ tí ó sàn jù sílẹ̀ fún wọn.

Bí ilẹ̀ ìlú náà ṣe rí ni ó pinnu bí wọ́n ṣe pín in. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó wà létí odò kéré, ilé iṣẹ́ ni ó sì gba púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ó nílò omi, ojú irin àti àyè gbọọrọ fún ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ gun òkè lọ kọ́lé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn ọkọ̀ tí okùn irin ń fà gòkè, tí àkọ́kọ́ lára wọn tí ó ń gbé èrò bẹ̀rẹ̀ ní 1870, sì ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Monongahela, àwọn ìlú kéékèèké bí Braddock, Homestead, Duquesne, McKeesport àti Clairton yọ jáde, tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo sì jẹ́ ọkàn ìlú kọ̀ọ̀kan. Afárá tí ó lé ní 400 ni ó so àwọn òkè àti àfonífojì Pittsburgh pọ̀, ó sì bá a mu pé ìlú tí ń ṣe stíìlì ni ó nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọrọ̀ tí stíìlì mú wá yìí ni ilé ìkàwé Braddock ti jáde ní 1889, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn ilé ìkàwé tí Carnegie kọ́ sí Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó dá sílẹ̀ ní 1900, tí ó ti di Yunifásítì Carnegie Mellon lónìí.

Àwọn tí ó ru igbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní Pittsburgh, àwọn tí ó jẹun àti àwọn tí ó ru igbá kì í ṣe ènìyàn kan náà. Wákàtí 12 lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìdí ìléru fi ń ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ méje lọ́sẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ pààrọ̀ láti iṣẹ́ ọ̀sán sí iṣẹ́ òru, wọ́n á ṣe wákàtí 24 lẹ́ẹ̀kan náà láìsinmi. Ọdún 1923 ni U.S. Steel tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlànà wákàtí 12 yìí sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1892, nígbà tí Henry Clay Frick, tí ń darí ilé iṣẹ́ fún Carnegie, fẹ́ gé owó iṣẹ́ kí ó sì fọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Homestead, ó ti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ta, ó sì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Pinkerton kí wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ nǹkan bí 300 wá láti orí odò lóru. Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà gba ẹ̀mí òṣìṣẹ́ àti ẹ̀ṣọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ kó ọmọ ogun wọ ìlú, ẹgbẹ́ náà sì fọ́, kò sì sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí títí di 1937.

Àwọn olùwádìí tí wọ́n yẹ ìgbésí ayé ìlú náà wò ní 1907 àti 1908 ni ó kọ́kọ́ fi iye kalẹ̀ fún ohun tí gbogbo ènìyàn ń fojú rí. Crystal Eastman, agbẹjọ́rò obìnrin tí ó wà lára wọn, ka àwọn tí iṣẹ́ pa ní agbègbè ìjọba Allegheny láàárín ọdún kan, láti oṣù Keje 1906 sí oṣù Kẹfà 1907, wọ́n sì jẹ́ 526, tí 195 nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin. Púpọ̀ nínú àwọn ìdílé tí wọ́n fi sílẹ̀ kò rí owó gbà-máà-bínú tí ó tó nǹkan. Ìṣírò rẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin tí ó fi dandan lé e pé kí agbanisíṣẹ́ san owó fún òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa.

Omi àti afẹ́fẹ́ kò bọ́ nínú ìnira náà. Inú àwọn odò tí ìgbẹ́, ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ àti omi kíkan láti inú kòtò èédú ń ṣàn sí ni wọ́n ti ń fa omi mímu, ibà táífọ́ọ̀dù sì ń pa ènìyàn ní Pittsburgh ju bí ó ṣe ń pa wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá Amẹ́ríkà lọ, títí tí ìlú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ omi ní ìparí 1907, tí ikú náà sì rọlẹ̀ kíákíá. Ní ti èéfín, ilé iṣẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń tú u: reluwé, ọkọ̀ ojú omi àti ààrò inú ilé gbogbo ń jó èédú kan náà, àfonífojì sì há èéfín wọn mọ́ débi pé, títí di àwọn ọdún 1940, wọ́n máa ń tan iná ojú pópó lọ́sàn-án gangan. Àwọn olówó lè ṣí lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó òṣìṣẹ́ tí ó ń gbé lábẹ́ ọ̀pá èéfín kò ní ibi tí yóò lọ, òun ni ó ń fọ aṣọ tí ó dúdú kí ó tó gbẹ, tí ó ń nu eruku lójú fèrèsé lójoojúmọ́, tí ó sì ń tọ́jú ọmọ tí ń wúkọ́. Kò sí èyíkéyìí nínú iṣẹ́ wọ̀nyí nínú owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé tọ́ọ̀nù stíìlì kan ń ná wọn.

Donora, 1948

Ìlú kékeré tí ènìyàn rẹ̀ tó nǹkan bí 14,000 ni Donora, ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí gúúsù Pittsburgh, níbi tí odò Monongahela ti ṣẹ́ kọ́rọ́ láàárín àwọn òkè. Ilé iṣẹ́ síǹkì àti ilé iṣẹ́ wáyà irin, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ti U.S. Steel, ni ó gbọ́ bùkátà ìlú náà. Ní òpin oṣù Kẹwàá ọdún 1948, ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ mọ̀ dáadáa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: afẹ́fẹ́ tútù jókòó sí ìsàlẹ̀ àfonífojì, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì dé e lórí, tí èéfín kò fi rí ọ̀nà gòkè bí ó ti máa ń ṣe. Gáàsì imí ọjọ́, flúórínì àti eruku irin kún inú kùrukùru náà fún ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ síǹkì kò dáwọ́ dúró títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù náà, kí òjò tó rọ̀ tí ó sì fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Ènìyàn 20 ni ó kú, nǹkan bí 6,000 sì ṣàìsàn, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ará ìlú.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èéfín kàn ń ba aṣọ àti ojú ilé jẹ́ ni, àwọn mìíràn sì ń sọ pé ibi tí èéfín bá ti pọ̀ ni owó wà. Donora fi hàn pé èéfín lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì wà lára ohun tí ó ti Amẹ́ríkà síwájú dé orí òfin àpapọ̀ àkọ́kọ́ lórí ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ ní 1955, àti dé orí àwọn òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1963 àti 1970.

Òfin lé èéfín, iṣẹ́ kò sì parun

Pittsburgh kò dúró de Donora kí ó tó gbé ìgbésẹ̀. Ní 1941, ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jó èédú tí èéfín rẹ̀ pọ̀, àyàfi tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ó lè jó o láìtú èéfín, gẹ́gẹ́ bí ìlú St. Louis ti ṣe ní ọdún tí ó ṣáájú. Ogun Àgbáyé Kejì dá òfin náà dúró, ṣùgbọ́n nígbà tí David Lawrence di mẹ́yọ̀ ní 1946, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lò fún ilé iṣẹ́ ní ọdún náà, àti fún ilé gbígbé ní 1947. Ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ jùlọ ni Richard King Mellon, ọ̀gá nínú ìdílé onílé ìfowópamọ́ tí ó jẹ́ alátakò ẹgbẹ́ òṣèlú Lawrence, nítorí pé àwọn méjèèjì rí i pé ìlú tí ènìyàn kò lè mí nínú rẹ̀ kò ní pẹ́ ṣófo. Àwọn oníṣòwò èédú tako òfin náà, àwọn tálákà sì bẹ̀rù pé ohun ìdáná tí ó mọ́ yóò wọ́n jù fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pá tí ó ń gbé gáàsì wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dé ní àkókò yẹn gan-an, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì rọ́pò èédú, bí reluwé náà ṣe ń fi ẹ̀rọ tí ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì rọ́pò ti èédú. Ní 1949, òfin náà gbòòrò dé gbogbo agbègbè ìjọba Allegheny. Láàárín ọdún díẹ̀, oòrùn padà sí ìlú náà, wọ́n sì fọ àwọn ilé òkúta tí ó ti dúdú, tí àwọ̀ wọn gan-an wá hàn.

Kókó ọ̀rọ̀ wà níbí. Àkókò tí èéfín ń lọ yìí ni ìlú náà ní ènìyàn jùlọ, tí ilé iṣẹ́ stíìlì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí owó òṣìṣẹ́ sì dára ju ti ìgbàkígbà rí lọ nítorí agbára ẹgbẹ́ wọn. Òtítọ́ ni pé òfin àkọ́kọ́ yẹn kò ká èéfín ìléru fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ kò bí ó ti yẹ, ó di ẹ̀yìn òfin 1970 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó o gidigidi, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé ìlú lè fọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ. Òtítọ́ mìíràn ni pé àtúnṣe náà kò ṣe gbogbo ènìyàn lóore bákan náà. Nínú ètò àtúnkọ́ ìlú kan náà ni wọ́n ti wó apá ìsàlẹ̀ àdúgbò Hill District láti 1956 lọ, tí nǹkan bí ènìyàn 8,000, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, fi di aláìnílé ní àdúgbò tí wọ́n ti tẹ̀dó sí, kí wọ́n lè fi àyè náà kọ́ gbọ̀ngàn eré ìdárayá. Àdúgbò yìí ni August Wilson, òǹkọ̀wé eré oníṣe tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1945, gbé mẹ́sàn-án nínú eré mẹ́wàá rẹ̀ kalẹ̀ sí, tí ó fi jẹ́ pé àwọn eré náà wà lára ibi tí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú irin ti wà ní ìpamọ́.

Ohun tí ó pa iṣẹ́ náà

Nígbà tí àwọn ìléru bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn kan di ẹ̀bi rẹ̀ ru òfin àyíká, ṣùgbọ́n àwọn ohun tí ó wúwo jù wà níwájú òfin náà. Jàpáánù àti Jámánì ti kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun lẹ́yìn ogun, pẹ̀lú ìléru tí ó ń fi ọ́síjìn gidi ṣe stíìlì ní ìṣẹ́jú 40 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àfonífojì Monongahela ṣì ń lo ìléru àtijọ́ mìíràn, tí kì í ṣe ti Bessemer, tí ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí ń fi iná mànàmáná yọ́ àlòkù irin ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, ọrọ̀ ajé sì dẹnu kọlẹ̀ ní 1981 àti 1982. Ní 1982 kan náà, U.S. Steel kó nǹkan bí bílíọ̀nù 6 dọ́là jọ láti fi ra ilé iṣẹ́ epo Marathon, dípò kí ó fi tún ìléru rẹ̀ ṣe. Ilé iṣẹ́ Duquesne ti ìléru rẹ̀ ní 1984, Homestead sì kógbá sílé ní 1986. Iṣẹ́ tí ó lé ní 100,000 ni agbègbè náà pàdánù láàárín ọdún mẹ́wàá, àìríṣẹ́ṣe kọjá ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ 1983, àwọn ọ̀dọ́ sì kó lọ sí ibòmíràn. Nígbà ìkànìyàn 2020, ènìyàn 302,971 péré ni ó kù ní Pittsburgh, Braddock tí ó sì ní ju 20,000 lọ ní 1920 kò ní tó 2,000 mọ́.

Pittsburgh kò kú, nítorí pé ọrọ̀ tí stíìlì mú wá ti di yunifásítì àti ilé ìwòsàn, níbi tí Jonas Salk àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n kéde rẹ̀ fún ayé ní 1955. Lónìí, ìwòsàn, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ jùlọ níbẹ̀, orúkọ ilé ìwòsàn ńlá UPMC sì wà lórí ilé gogoro tí U.S. Steel kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú kéékèèké tí kò ní yunifásítì, tí wọ́n gbára lé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, kò rí ohun tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Ilẹ̀ náà kò tíì gbàgbé. Ní àfonífojì Nine Mile Run, níbi tí wọ́n ti ń da ìdàrọ́ sí láti 1922 fún nǹkan bí 50 ọdún, òkìtì náà di òkè tí igi kò lè hù lórí rẹ̀ dáadáa, owó gọbọi ni wọ́n sì ná kí wọ́n tó lè kọ́ ilé sórí rẹ̀, kí wọ́n sì tún odò kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe. Edgar Thomson ṣì ń ṣe stíìlì ní Braddock, kóòkì rẹ̀ sì ń wá láti Clairton, ilé iṣẹ́ kóòkì tí ó tóbi jùlọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá 2018, iná jó níbẹ̀, ó sì ba ẹ̀rọ tí ń yọ imí ọjọ́ kúrò nínú gáàsì jẹ́, tí àwọn ará àfonífojì náà fi mí afẹ́fẹ́ burúkú fún ju oṣù mẹ́ta lọ. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ 2025, ìbúgbàù pa òṣìṣẹ́ méjì níbẹ̀, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Nippon Steel ti Jàpáánù ra U.S. Steel.

Stíìlì ọjọ́ iwájú

Ayé kò lè ṣe láìsí stíìlì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń ṣe é lè yí padà. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún stíìlì tí Amẹ́ríkà ń ṣe lónìí ń ti inú ìléru oníná mànàmáná jáde, èyí tí ń yọ́ àlòkù irin láìlo kóòkì, tí kábọ̀nù dàyọ́ksáìdì rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti ìléru èédú. Ní Swídìn, ilé iṣẹ́ SSAB fi háídrójìn dípò kóòkì láti gba ọ́síjìn lọ́wọ́ òkúta irin, ó sì kó stíìlì àkọ́kọ́ tí ó ti ara rẹ̀ jáde fún Volvo ní 2021. Ọ̀nà yìí ṣì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé èéfín kì í ṣe apá tí a kò lè yọ kúrò lára irin.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà náà. Ilé iṣẹ́ Ajaokuta ní ìpínlẹ̀ Kogi, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kò tíì fi òkúta irin ṣe stíìlì, nítorí náà púpọ̀ nínú stíìlì tí wọ́n ń yọ́ lórílẹ̀-èdè náà ń wá láti inú àlòkù irin, tí díẹ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ ọ sì wà ní agbègbè Ìkòròdú. Ìléru oníná mànàmáná mọ́ ju ti èédú lọ, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ lè ní òjé àti síǹkì nínú, ẹ̀rọ tí ń gba eruku náà mú sì gbọ́dọ̀ wà, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán àti ní òru, kì í ṣe ní ọjọ́ tí aṣojú ìjọba bá wá yẹ̀ ẹ́ wò nìkan.

Ìlú tí ó bá fẹ́ stíìlì lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ ẹ, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ń mú wá ti gbé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nínú òṣì. Pittsburgh dúró de ìgbà tí ó ti ń ṣe stíìlì fún ju 60 ọdún lọ kí ó tó fi òfin ká èéfín lọ́wọ́ kò, àwọn ará rẹ̀ sì fi ẹ̀dọ̀fóró, omi mímu àti ẹ̀mí san gbèsè ọdún wọ̀nyẹn. Ìlú tí ó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí kò ní àwáwí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń wọn ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ wà, ọgbọ́n tí a fi ń dín in kù wà, ìtàn sì ti fi ẹ̀rí hàn pé òfin tí ó múná kò pa iṣẹ́. Ohun tí ó kù ni kí owó ìmọ́tótó wọ inú iye tí a ń ta stíìlì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ èrè rẹ̀ san án, kí àwọn tí ń gbé nítòsí ìléru sì ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin náà.